Àgbò Tó Wọ Àárín Orílẹ̀-èdè Méjì

Ọjọ́ kan wà tí ọkàn mi kò ní jẹ́ kí n gbàgbé títí n ó fi darúgbó, ọjọ́ tí mo fi ọwọ́ ara mi fa àgbò kan wọ àárín orílẹ̀-èdè méjì tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Tiwa ni ọ̀kan. Èkejì, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Wọn kò ṣẹ̀ mí, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn lẹ́ẹ̀kan, n kò fẹ́ kó padà débẹ̀. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé òkè òkun ni wọ́n wà, pé wọ́n ń dìbò bí àwa náà ṣe ń dìbò, àti pé wọ́n fẹ́ràn kajú gan-an.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò kajú ni mí nígbà náà. Ọ́fíìsì wa wà ní Ring Road, lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta oògùn, yàrá méjì péré, pẹ̀lú fáànù kan tó máa ń yí nígbà tó bá wù ú. Alhaji ni alága wa, bàbá tó lawọ́, tí agbádá wọn máa ń ṣáájú wọn wọlé. Àwọn náà ni wọ́n ni ilé iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé tí wọ́n ti ń pa kajú. Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ déédéé, àwọn obìnrin máa ń jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Wọn á fi kajú tí wọ́n ti sè sẹ́nu ẹ̀rọ kékeré kan, wọn á fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ náà, èèpo á là sí méjì, wọn á sì yọ ọmọ inú rẹ̀ láìjẹ́ kó fọ́. Iṣẹ́ sùúrù ni. Omi tó wà lára èèpo kajú a sì máa bó èèyàn lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí ìka gbogbo wọn fi dúdú.

Ìyá ìyàwó mi ni ọ̀gá àwọn obìnrin náà. Láti Iléṣà ni wọ́n ti wá sí Ìbàdàn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, wọn kò sì padà mọ́, ṣùgbọ́n Màmá Ìjẹ̀ṣà ni gbogbo èèyàn ṣì ń pè wọ́n. Àwọn ni wọ́n sọ fún Alhaji pé àna àwọn mọ̀wé, pé ó lè kọ lẹ́tà tí òyìnbó á kà, bí mo ṣe di akọ̀wé nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni ọjà dojú rú. Àwọn tó ń ra kajú lókè òkun ní àwọn kò fẹ́ èyí tí a ti pa mọ́. Eléèpo ni wọ́n fẹ́, kí wọ́n kó o lọ sí ibòmíràn tí wọn yóò ti pa á, kí wọ́n tó wá kó o lọ sílé wọn. Ilé iṣẹ́ Alhaji dákẹ́. Àwọn obìnrin lọ sílé. Màmá Ìjẹ̀ṣà bẹ̀rẹ̀ sí í ta omi inú ọ̀rá lẹ́nu ọ̀nà wọn ní Challenge. Wọn kò ráhùn, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti rí mi, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Bàbá Dàmọ́lá, ṣé ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan?"

Nígbà tó yá, a gbọ́ nǹkan kan. Ìjọba orílẹ̀-èdè tí mo sọ yẹn kọ lẹ́tà sí wa pé àwọn àti ìjọba wa ti jọ fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ ìṣòwò, pé àwọn fẹ́ máa ra kajú tí a ti pa níbí, tààrà, láìgba ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Aṣojú wọn fún ọ̀rọ̀ ìṣòwò yóò wá fi ojú ara rẹ̀ wo ilé iṣẹ́ náà. Bí ohun tó bá rí bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò fọwọ́ sí ìwé lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún Màmá Ìjẹ̀ṣà, wọ́n gbé omi tí wọ́n ń tà wọlé, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n sì sunkún díẹ̀. Ojú tì mí, nítorí pé n kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn lẹ́tà náà ló dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí a jọ̀wọ́ má ṣe dáná, kí a má sì pèsè ẹ̀bùn kankan, nítorí Aṣojú kò lè gba ohunkóhun ju omi mímu lọ. Mo kà á fún Alhaji. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

"O ò rí i pé wọ́n lẹ́kọ̀ọ́ ilé," ni wọ́n wí.

Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ gba tiwa rò. Àlejò wo lẹ rí rí ní Ìbàdàn tó wọlé tó ní kí ẹ dáná, pé ebi ń pa òun? Àlejò gidi á ní òun ti yó, òun ò ní pẹ́, kí ẹ má ṣèyọnu rárá. Iṣẹ́ tiyín ni pé kí ẹ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Bó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé ohun mímu jáde. Bó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ti rán èèyàn lọ ra ẹran. Bó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tó sì dìde, ẹ dì í lápá mú. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi àti Alhaji dàgbà nìyẹn. Alhaji ní kí a ra aṣọ òfì kan dè wọ́n, èmi sì kọ lẹ́tà padà pé gbogbo ohun tí wọ́n wí ló ti yé wa dáadáa.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn yẹn náà ni, wọ́n wá fi lẹ́tà dúdú kirikiri kọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Alhaji gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n wò ó títí.

"Wọ́n tún kọ̀wé?" ni wọ́n wí. "Aṣọ òfì ti kéré nìyẹn."

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, ọkùnrin kan pè mí láti ọ́fíìsì Aṣojú. Ohùn rẹ̀ tutù.

"Ṣé ẹ ka ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn?"

"A kà á, sà."

"Ṣé ó yé yín pé kò gbọdọ̀ sí ẹ̀bùn kankan? Ohun kékeré pàápàá?"

"Ó yé wa, sà. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ọkùnrin yìí ń tọrọ nǹkan gan-an ni. Mo lọ bá Alhaji nílé wọn ní Bódìjà. Wọ́n ń mu tíì.

"Alhaji, wọ́n pè."

Wọ́n gbé ife kalẹ̀. "Wọ́n pè lórí fóònù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Láti sọ pé àwọn ò fẹ́ nǹkan kan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó ti di àgbò," ni wọ́n wí.

Èmi ni wọ́n rán lọ sí ọjà ẹran ní Bódìjà. Àgbò tí mo rà funfun, àyàfi pé ojú rẹ̀ kan dúdú. Ìwo rẹ̀ ká, ó sì máa ń wò mí bí onílé ṣe ń wo ayálégbé. Mo so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé mi ní Agbowó. Nígbà tí ọjọ́ pé, mo gbé e sí ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò mi, nítorí ilẹ̀kùn búùtù mi kì í ṣí. Mo yà ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Agbowó níbẹ̀, mo gba àsíá onípépà méjì tí mo ní kí wọ́n tẹ̀, tiwa àti tiwọn, mo kó wọn sí ìjókòó iwájú. Mo forí lé Olúyọ̀lé. Mo rántí pé inú mi dùn débi pé mo ń súfèé.

Nígbà tí mo dé Ring Road, mo gbọ́ tí nǹkan kan ń ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àgbò ti na ọrùn láàárín ìjókòó méjèèjì, ó ń jẹun. Àsíá Nàìjíríà wà níbẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Tiwọn ló yàn láàyò, ó sì ti jẹ ẹ́ kọjá ìdajì. Aago ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu mẹ́wàá tí àwọn àlejò dá, n kò lè padà sí Agbowó lọ tẹ òmíràn mọ́. Nígbà tí mo dé ilé iṣẹ́, mo gbé àsíá méjèèjì kọ́ ara ògiri, mo wá fi ìkòkò òdòdó kan bo ibi tí àgbò ti jẹ lára tiwọn. Téèyàn bá dúró lápá òsì, kò burú púpọ̀.

Àwọn àlejò dé ní agogo mẹ́wàá géérégé, nǹkan tí kò sẹ́ni tó múra sílẹ̀ dè. Alhaji ṣì wà lọ́nà. Obìnrin ni Aṣojú, irun rẹ̀ ti funfun, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó sì gbé omi tirẹ̀ dání nínú ike. Ọkùnrin tó pè mí lórí fóònù tẹ̀ lé e. Aṣojú kí mi, ó wo ara ògiri, ó sún lọ sápá ọ̀tún díẹ̀, ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ó kọ nǹkan kan sínú ìwé kékeré ọwọ́ rẹ̀. N kò tíì mọ ohun tó kọ títí di òní.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, gbogbo nǹkan dára lẹ́yìn ìyẹn. Alhaji dé, wọ́n sì kí ara wọn. Wọ́n ti pe àwọn obìnrin padà fún ọjọ́ kan ṣoṣo láti wá ṣe iṣẹ́ wọn hàn, gbogbo wọn jókòó sídìí ẹ̀rọ. Aṣojú ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà dán an wò. Ó pa àkọ́kọ́, ó fọ́ yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́. Màmá Ìjẹ̀ṣà rẹ́rìn-ín, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n fi bí yóò ṣe tẹ ẹsẹ̀ hàn án. Ẹ̀kẹta jáde ní odindi. Aṣojú gbé e sókè bí ẹni tó rí wúrà. Ó ní òun ti ń jẹ kajú láti kékeré, òun kò mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ló ń yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó wo ìka Màmá Ìjẹ̀ṣà fún ìgbà pípẹ́, ó ní kí ọkùnrin tó tẹ̀ lé òun kọ ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ sínú ìwé àdéhùn náà, kí gbogbo obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ máa ní tirẹ̀. Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì. Ó ṣí bírò.

Ká ní mo dákẹ́ síbi tí mo wà ni, ìtàn yìí ì bá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Alhaji wúkọ́, àmì tí a jọ ṣàdéhùn lé lórí, mo sì jáde lọ mú àgbò.

Alhaji sọ̀rọ̀ tó dùn, wọ́n ní láti òní lọ, orílẹ̀-èdè méjèèjì ti di ọmọ ìyá. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí òyìnbó. Ojú Aṣojú yí padà nígbà tó rí okùn. Ó ní òun dúpẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n òun kò lè gbà á.

"Kí ni wọ́n wí?" Alhaji béèrè.

"Wọ́n ní ó ti pọ̀ jù, sà."

"Sọ fún wọn pé kò tíì tó."

Aṣojú fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Ó ní òfin ìlú àwọn kò gbà á láyè, pé òun ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà.

"Kí ni wọ́n tún wí?"

"Wọ́n ṣì ń kọ̀, sà."

"Ó dára, ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn," ni Alhaji wí, ọkàn wọn balẹ̀.

Aṣojú wá kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Màmá Ìjẹ̀ṣà dìde nídìí ẹ̀rọ. Àánú àlejò tó ń tijú yìí ṣe wọ́n. Wọ́n lọ bá a, wọ́n fà á lọ́wọ́ jáde láti ẹ̀yìn, wọ́n gba okùn lọ́wọ́ mi, wọ́n fi lé e ní àtẹ́lẹwọ́, wọ́n sì fi ìka dúdú wọn pa tirẹ̀ dé mọ́ ọn. "Ẹ gbà á, ọmọ mi," ni wọ́n wí. Gbogbo àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Ẹni tí Alhaji gbà láti máa ya àwòrán yà á síbẹ̀. Kí àtẹ́wọ́ náà tó parí, àwòrán ti dé ojú ìwé Alhaji lórí ayélujára, Aṣojú tó di okùn àgbò mú, àti ìdajì àsíá lẹ́yìn rẹ̀.

Àgbò kò dúró gbọ́ ìdúpẹ́. Ó já okùn gbà, ó sáré jáde síta, ó sì bá àgbò mìíràn pàdé nínú ilẹ̀kùn mọ́tò Aṣojú. Mọ́tò dúdú ni, wọ́n nù ún débi pé èèyàn lè fi í ṣe dígí. Àgbò tiwa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀, ó wo onítọ̀hún, ó sì lọ kàn án. Onítọ̀hún kò sá, nítorí náà ó tún un kàn lẹ́ẹ̀mejì sí i. Ilẹ̀kùn tẹ̀ wọnú. Àsíá kékeré tó wà níwájú mọ́tò náà já bọ́ sílẹ̀. Mo sáré lọ ṣa àsíá yẹn kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn, nítorí mo ti mọ ìwà àgbò náà.

Aṣojú dé bírò rẹ̀, ó ká ìwé náà padà sínú báàgì láìfọwọ́ sí i. Ó lọ bọ Màmá Ìjẹ̀ṣà lọ́wọ́, ó wọ mọ́tò láti ẹnu ọ̀nà kejì, wọ́n sì lọ.

"Ṣé wọ́n bínú ni?" Alhaji béèrè.

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀, sà. Bóyá wọ́n fẹ́ tún ìwé náà kà ni."

"Wọ́n gbàgbé àgbò wọn." Ó dun Alhaji gan-an. Wọ́n ti fẹ́ kí n gbé e tẹ̀ lé wọn lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Àbújá, kó tó di pé mo sọ pé mọ́tò mi kò lè débẹ̀. A so ó mọ́lẹ̀ sí ilé iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kẹfà, ímeèlì dé láti ọ́fíìsì Aṣojú. Èmi àti Alhaji wà ní ọ́fíìsì, mo kà á sókè. Àwòrán Aṣojú àti àgbò tí Alhaji gbé sórí ayélujára ti dé inú ìwé ìròyìn wọn lọ́hùn-ún. Ìdìbò wọn ti sún mọ́lé, aṣòfin kan nínú ẹgbẹ́ alátakò sì ti dìde nílé ìgbìmọ̀, ó fẹ́ mọ ẹni tó fún Aṣojú ní àgbò, kí ni Aṣojú ṣèlérí fún un, àti pé ṣé àgbò ni wọ́n fi ra àdéhùn kajú náà.

"Nítorí àgbò kan?" Alhaji béèrè.

"Ẹyọ kan, sà."

"Tí wọn ò tilẹ̀ jẹ?"

"Ìyẹn gan-an ni wọ́n ń béèrè, sà."

Alhaji mi orí. "Níbí, ìgbà tí ẹni tí a dìbò yàn bá kọ̀ láti gba àgbò ni ìwé ìròyìn máa ń kọ nǹkan."

Mo kà dé ìsàlẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí a fi ẹ̀rí hàn lọ́jọ́ náà gan-an pé Aṣojú kò mú àgbò lọ, pé àgbò náà wà láàyè, ó sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Kí a ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn ọjọ́ náà. Bí kò bá sí ẹ̀rí, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ Aṣojú, àdéhùn kajú á sì kú. Mo gbójú sókè. Alhaji ti dìde dúró.

"Akọ̀wé, ọjọ́ wo lòní?"

"Ọjọ́bọ̀, sà."

"Mo ti ní kí àwọn obìnrin pa á lónìí, kí wọ́n fi tu ara wọn nínú."

Mo pe Màmá Ìjẹ̀ṣà, wọn kò gbé e. Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mọ́tò mi kọ̀ kò ṣiṣẹ́. Mo fò mọ́ kẹ̀kẹ́ kan, mo bẹ awakọ̀ títí tó fi ń gba ojú títì bí ẹni pé ọlọ́pàá ń lé e. Nígbà tí mo wọlé, ìkòkò méjì ti wà lórí iná, wọ́n ti lọ ata, àlùbọ́sà ti wà nínú àwo. Àgbò dùbúlẹ̀, wọ́n ti di ẹsẹ̀ rẹ̀, alápatà sì ń pọ́n ọ̀bẹ. N kò rántí ìgbà tí mo pinnu ohun tí mo ṣe. Mo kàn bá ara mi lórí àgbò ni, mo nà gbalaja lé e.

Màmá Ìjẹ̀ṣà sún mọ́ mi díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá Dàmọ́lá, ṣé nítorí pé a ò pè yín ni? A máa bu tiyín lọ́tọ̀."

"Màmá, ẹ má pa á. Àgbò yìí ni iṣẹ́ yín."

Orí àgbò náà ni mo ti ṣàlàyé. Mo sọ ti ìwé ìròyìn, mo sọ ti aṣòfin, mo sọ pé lóòótọ́ lóòótọ́ ni obìnrin yẹn kò fẹ́ nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀, pé mo ka lẹ́tà rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tí mo sì rò pé mo mọ ohun tó ń sọ jù ú lọ. Màmá Ìjẹ̀ṣà fi ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn.

"Èmi ni mo fi okùn lé wọn lọ́wọ́," ni wọ́n wí. "Mo rò pé ojú ló ń tì wọ́n."

Ó dùn mí wọnú egungun. Bí wọ́n bá bú mi ni, ì bá sàn. Wọ́n dìde, wọ́n ní kí n kúrò lórí ẹran, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn tú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìwé ìròyìn tí a kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀, ó jẹ ẹ́. A ra òmíràn. Màmá Ìjẹ̀ṣà ló di ìwo rẹ̀ mú tí mo fi rí àwòrán náà yà. Nínú àwòrán náà, àwọn àti àgbò jọ le ojú. Mo fi ránṣẹ́. Èsì dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní kí a má jẹ́ kí nǹkan kan ṣe àgbò náà títí ìwádìí yóò fi parí, kí a sì máa fi àwòrán tuntun ránṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Ajé.

Alhaji kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni nídìí ìkòkò mọ́. Ọ̀dọ̀ mi ní Agbowó ni àgbò padà sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ládùúgbò máa ń béèrè bóyá ti ọdún iléyá ni. Màá ní rárá o, ti ìjọba ni. Wọ́n rò pé mò ń ṣàwàdà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko ni mo fi ń jí lọ́jọ́ Ajé láti ya àgbò láwòrán, tí ìyàwó mi á di ìwé ìròyìn mú ní ibi tí ẹnu rẹ̀ kò lè dé. Èmi rù. Àgbò sanra.

Nígbà tó yá, ilé ìgbìmọ̀ wọn gbà pé Aṣojú kò jẹ̀bi, ó sì padà wá. Mọ́tò mìíràn ni wọ́n gbé wá, wọ́n sì pa á sí ìta géètì. Alhaji jókòó lé ọwọ́ ara wọn méjèèjì. Aṣojú mu omi tirẹ̀, ó ṣí bírò, ó fọwọ́ sí ìwé. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó bi mí bóyá ara àgbò le. Mo ní ó le ju tèmi lọ. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ dé. Mo dá àgbò padà sí ilé iṣẹ́ ní Olúyọ̀lé, ó ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, kò sí ẹni tó láyà láti pa á.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò le rárá. Bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé òun kò fẹ́ nǹkan, kí n gbà á gbọ́. Mo pinnu pé bí n ó ṣe máa ṣe nìyẹn pẹ̀lú gbogbo èèyàn, n kò sì pẹ́ rí ẹni tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, Màmá Ìjẹ̀ṣà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nílé. Ìyàwó mi kò sí nílé. Wọ́n wọ aṣọ tó dára, ọwọ́ wọn ti ń mọ́ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ má dáná o, Bàbá Dàmọ́lá," ni wọ́n wí bí wọ́n ṣe jókòó. "Mo ti jẹun. N ò ní pẹ́."

Mo gbé omi fún wọn, nínú ife tó mọ́, lórí tíréè. Wọ́n wo omi náà. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Mo ní kí ẹ má ṣèyọnu o," ni wọ́n tún wí.

"Mo gbọ́, Màmá. N ò ní ṣèyọnu."

Ó tó wákàtí kan tí a fi jókòó. "Bí ẹ bá tiẹ̀ dáná pàápàá, n ò rò pé màá lè jẹ ẹ́."

"Ó yé mi dáadáa, Màmá."

Wọ́n mu omi náà tán, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Kí ìyàwó mi tó dé, àwọn ẹbí rẹ̀ ti ń pè mí láti Iléṣà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ìyá wọn fi ṣe mí.

Orílẹ̀-èdè òkè òkun yẹn ti dárí jì mí, wọ́n tilẹ̀ ń fi káàdì kí mi lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ kí ìyá ìyàwó mi ní Challenge lónìí, tí mo bá jókòó, tí òórùn ọbẹ̀ sì ń wá láti ẹ̀yìn ilé, èmi náà á ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Wọ́n á ní ó yé àwọn. Wọ́n á wá gbé omi fún mi, nínú ife tó mọ́, lórí tíréè. Màá mu ún, màá sì rẹ́rìn-ín ara mi.